Ìrìn, ipá àti agbára: bí ẹ ṣe máa yanjú ìbéèrè físíìsì láì kàn há fọ́múlà sórí

Ẹ̀yin tí físíìsì ń fún lórífọ́, ìṣirò kọ́ ló ń dà yín láàmú o. Ìṣirò tó wà nínú apá yìí ò ju kéèyàn mọ ìlọ́po, kó mọ pínpín, kó dẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kó lẹ́tà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wàhálà yín ni pé gbàrà tí ìbéèrè bá ti délẹ̀, fọ́múlà lẹ máa ń sáré wá, ẹ ò tíì mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ẹ ti ń ki nọ́ńbà bọ ibi tí kò yẹ, tí ìdáhùn bá wá jáde pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń sáré ju ọkọ̀ òfúrufú lọ, ẹ ò dẹ̀ ní fura rárá. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó máa ṣáájú fọ́múlà: àwọn ipá wo ló ń ti nǹkan yìí tàbí tó ń fà á, kí ló dẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ara wọn rẹ́? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Ẹ mú bébà àti bírò o. Ojú lásán ò lè ka físíìsì yé èèyàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún yúnìtì ṣe

Mítà la fi ń wọn ìjìnnà, sẹ́kọ́ǹdù la fi ń wọn àkókò, kílógíráàmù la fi ń wọn mass (bí ohun tó wà nínú nǹkan ṣe pọ̀ tó). Tí wọ́n bá fún yín ní km/h, ẹ fi 3.6 pín in, ó ti di m/s nìyẹn. 36 km/h di 10 m/s, 72 km/h di 20 m/s. Ibi tí 3.6 ti wá ò le: wákàtí kan jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù 3600, kílómítà kan jẹ́ mítà 1000, ẹ fi 1000 pín 3600, ó tán. Tí wọ́n bá fún yín ní gíráàmù, ẹ fi 1000 pín in kẹ́ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹni tó bá ní yúnìtì ò ṣe pàtàkì, ẹ sọ ìtàn Mars Climate Orbiter fún un. NASA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnàjò òfúrufú ní Amẹ́ríkà, ló rán ẹ̀rọ yìí lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ó dẹ̀ dé ibẹ̀ lóòótọ́ lọ́dún 1999, àmọ́ sọ́fítíwíà kan lórí ilẹ̀ ń mú èsì jáde ní yúnìtì pound, èyí tó ń gba èsì náà rò pé ti newton (yúnìtì tá a fi ń wọn ipá) ni, bí ẹ̀rọ náà ṣe sún mọ́ Mars jù nìyẹn tó sì ṣòfò. Àwọn onímọ̀ gidi ló ṣe é o, kì í ṣe ọmọ ilé ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣàpèjúwe ìrìn náà, ẹ má tíì béèrè ohun tó fà á

Distance ni gbogbo ọ̀nà tẹ́ẹ rìn, displacement ni ìlà tó tọ́ láti ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tẹ́ẹ parí sí pẹ̀lú apá ibi tó kọjú sí. Ẹni tó sáré yí pápá 400 m ká lẹ́ẹ̀kan tó padà síbi tó ti gbéra, distance ẹ̀ jẹ́ 400 m, displacement ẹ̀ jẹ́ òdo. Bí speed ṣe yàtọ̀ sí velocity náà nìyẹn, speed ò bìkítà nípa ibi tẹ́ẹ kọjú sí, velocity bìkítà gan-an.

Ẹ wo Usain Bolt. Lọ́dún 2009 ní Berlin ó fi sẹ́kọ́ǹdù 9.58 sáré 100 m. Ẹ fi 9.58 pín 100, ó máa fún yín ní bíi 10.4 m/s, tẹ́ẹ bá dẹ̀ fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀ ó lé ní 37 km/h. Àmọ́ ẹ dúró ná, speed tá a pín káàkiri gbogbo ọ̀nà nìyẹn o. Orí ìdúró ni Bolt ti bẹ̀rẹ̀, òdo ni speed ẹ̀ nígbà tí ìbọn dún, torí náà ó gbọ́dọ̀ níbì kan lọ́nà tí eré ẹ̀ ti ju 10.4 lọ dáadáa, kó tó lè dí èyí tó fi ṣòfò níbẹ̀rẹ̀. Ó dẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, eré ẹ̀ kọjá 12 m/s láàárín méjì. Tí ìbéèrè bá sọ pé "speed" láìsọ pé ìpíndọ́gba ni, ẹ bi ara yín léèrè pé ṣé ti gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń sọ ni àbí ti ìgbà kan pàtó lójú ọ̀nà.

Acceleration ni bí velocity ṣe ń yí padà sí láàárín sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò tó kúrò ní 0 tó dé 20 m/s láàárín sẹ́kọ́ǹdù 5, acceleration ẹ̀ jẹ́ 4 m/s², ìyẹn ni pé ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, ó ń fi 4 m/s kún eré tó ń sá. Bíréèkì títẹ̀ náà acceleration ni, ó kàn jẹ́ pé àmì ẹ̀ á jẹ́ mínọ́ọ̀sì. Kọ́nà yíyí pàápàá, bí mítà eré ò tiẹ̀ kúrò lójú kan, acceleration wà ńbẹ̀, torí ibi tí mọ́tò kọjú sí ti yí padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Fọ́múlà mẹ́ta tẹ́ẹ máa lò nígbà tí acceleration ò bá yí padà rèé:

v = u + at
s = ut + ½at²
v² = u² + 2as

u ni velocity ìbẹ̀rẹ̀, v ni ti ìparí, a ni acceleration, t ni àkókò, s ni displacement. Bẹ́ẹ ṣe máa mú èyí tó yẹ ò le: ẹ kọ lẹ́tà márààrún sílẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n fún yín, ẹ fi àmì ìbéèrè sí èyí tí wọ́n ń bi yín, ọ̀kan á ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ. Fọ́múlà tí lẹ́tà yẹn ò sí nínú ẹ̀ lẹ máa lò.

Ká ṣe ọ̀kan. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè tààrà ní 20 m/s, báwo ló ṣe máa ga tó? Ẹ kọ́kọ́ yan apá tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ jẹ́ ká ní òkè ni. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, torí náà a = −10 m/s² (9.8 ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ 10 ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé ìwé ń gbà láyè, ẹ wo ohun tí ìbéèrè sọ). u = 20. Ní ibi tó ga jù, v = 0. s ni wọ́n ń béèrè, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ t, torí náà ẹ̀kẹta: 0 = 400 − 20s, s = 20 m. Tí wọ́n bá béèrè àkókò, àkọ́kọ́: 0 = 20 − 10t, t = sẹ́kọ́ǹdù 2.

Kẹ́ẹ tó kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ kẹ́ẹ dáhùn eléyìí: níbi tí bọ́ọ̀lù náà ga jù, tó dúró fún ìṣẹ́jú bín-ín-tín, kí ni acceleration ẹ̀? Àwọn tó pọ̀ jù á ní òdo. Rárá o. 10 m/s² náà ni, ó kọjú sí ilẹ̀, kò yí padà láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́. Velocity ló di òdo. Tó bá jẹ́ pé acceleration náà di òdo, velocity ò ní yí padà mọ́, bọ́ọ̀lù á kàn so rọ̀ sójú ọ̀run síbẹ̀ títí láé. Ẹni tí eléyìí bá yé, ó ti ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ gíráàfù velocity sí àkókò ni wọ́n yà fún yín, bí ìlà ṣe dagun tó ni acceleration, àyè tó wà lábẹ́ ìlà ni displacement. Ẹ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya àwòrán ipá

Ibí yìí lọ́rọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún làwọn èèyàn fi gba ti Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, gbọ́, pé kí nǹkan tó lè máa rìn, ipá gbọ́dọ̀ máa tì í lọ. Ó jọ òótọ́ lójú, ẹ ti tábìlì, ó lọ, ẹ fi í sílẹ̀, ó dúró. Galileo ló bẹ̀rẹ̀ sí í jà á níyàn dáadáa, Newton wá kọ ọ́ sílẹ̀ gedegbe nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1687: nǹkan tó dúró á máa dúró, èyí tó ń rìn á máa rìn lọ tààrà pẹ̀lú eré kan náà, àfi tí ipá bá ṣẹ́ kù tó ń darí ẹ̀ síbòmíì. Tábìlì tẹ́ẹ fi sílẹ̀ ò dúró torí pé ipá tán, ó dúró torí pé ipá wà, ìyẹn friction tó ń ha á lábẹ́. Ẹ yọ friction kúrò ká wo bóyá ó máa dúró.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé e wọ inú ìbéèrè. Mọ́tò ń lọ tààrà ní 20 m/s láìdínkù láìpọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ń fi 600 N (N ni newton) tì í síwájú. Mélòó ni gbogbo ohun tó ń fà á sẹ́yìn? Kò sí ìṣirò ńbẹ̀ o. Velocity ò yí padà, torí náà kò sí ipá kankan tó ṣẹ́ kù, 600 N ni afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ fi ń fà á sẹ́yìn. Àwọn tó ń fi 20 ṣe nǹkan nínú ìbéèrè yìí, 20 yẹn ò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe ńbẹ̀.

Bẹ́ẹ ṣe máa ya àwòrán náà nìyí. Ẹ ya nǹkan náà bí àpótí kékeré, ẹ má ya ohun mìíràn mọ́ ọn. Ẹ wá bèèrè pé kí ló ń fọwọ́ kàn án: ilẹ̀ tó jókòó lé, okùn tó ń fà á, ọwọ́ tó ń tì í, afẹ́fẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ya ọfà kan fún un. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọfà òòfà ilẹ̀ kún un, nínú irú ìbéèrè yìí, òun nìkan ni kò nílò kó fọwọ́ kan nǹkan. Ó parí. Ipá tẹ́ẹ ò bá lè dárúkọ ẹni tàbí nǹkan tó ń lò ó, ẹ pa á rẹ́, kò sí. "Ipá ìsáré" tí àwọn kan máa ń yà síwájú bọ́ọ̀lù tó ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, ta ló ń lò ó? Kò sí ẹnì kankan.

Àpẹẹrẹ: àpótí 20 kg wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n fi 100 N fà á lọ sápá ọ̀tún, friction jẹ́ 40 N. Ọfà mẹ́rin ló wà: 200 N sísàlẹ̀ (òòfà ilẹ̀, 20 × 10), 200 N sókè (ilẹ̀ ló ń gbé e), 100 sọ́tùn-ún, 40 sósì. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Ó ku 60 N sọ́tùn-ún. F = ma (ipá tó ṣẹ́ kù jẹ́ mass tẹ́ẹ fi acceleration sọ di púpọ̀), 60 = 20a, a = 3 m/s². Ẹ kíyè sí i pé F inú F = ma, ìyẹn tó ṣẹ́ kù ni o, kì í ṣe 100. Máàkì tí wọ́n ń pàdánù síbí yìí ò kéré.

Ti òfin kẹta Newton, èyí tó ní tí A bá ti B, B náà á ti A padà bákan náà, àṣìṣe kan ṣoṣo ló wọ́pọ̀ ńbẹ̀. Ipá méjèèjì, ara nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, wọn ò lè pa ara wọn rẹ́ láé. Ìwé tó wà lórí tábìlì, òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, tábìlì ń gbé e sókè, méjèèjì dọ́gba, àmọ́ wọn kì í ṣe ìkejì ara wọn torí ara ìwé kan náà ni wọ́n wà. Ìkejì òòfà tí ilẹ̀ fi ń fa ìwé ni òòfà tí ìwé náà fi ń fa ilẹ̀ ayé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé yín ń fa gbogbo ayé, ayé kàn wúwo jù ni.

Mass àti ìwúwo ńkọ́? Mass ò yí padà níbikíbi tẹ́ẹ bá lọ. Ìwúwo ni ipá tí òòfà ibi tẹ́ẹ wà fi ń fà yín, newton la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni 50 kg wúwo tó 500 N lórí ilẹ̀ ayé, lórí òṣùpá níbi tí g (acceleration tí òòfà ibẹ̀ ń fún nǹkan) jẹ́ bíi 1.6 m/s², 80 N péré ni, àmọ́ 50 kg ló ṣì jẹ́.

Ẹ gbé ẹni 50 kg yẹn sórí síkéèlì nínú lífìtì ká wo nǹkan. Ipá méjì péré ló wà lára ẹ̀: 500 N sísàlẹ̀, àti ipá tí síkéèlì fi ń tì í sókè, ẹ jẹ́ ká pe òun ní N (orúkọ ipá ni N yìí, kì í ṣe newton). Ohun tí síkéèlì ń kọ jáde, N yẹn ni, kì í ṣe ìwúwo. Tí lífìtì bá dúró, tàbí tó ń lọ ní eré kan náà, ì báà lọ sókè ì báà lọ sísàlẹ̀, N jẹ́ 500. Tó bá ń fi eré kún eré sókè ní 2 m/s², N − 500 = 50 × 2, N = 600, síkéèlì á kọ 60 kg, ara á dẹ̀ wúwo lójú ẹni náà. Tó bá ń fi eré kún eré wálẹ̀ ní 2 m/s², N á di 400. Tí okùn lífìtì bá wá já (kò ní ṣẹlẹ̀ lágbára Ọlọ́run), òdo. Òòfà ilẹ̀ ò lọ síbì kankan o, kò kàn sí nǹkan tó ń gbé e mọ́ ni.

Ìdí nìyí tí nǹkan wúwo àti nǹkan fúyẹ́ fi ń já bọ́ pọ̀ tí kò bá sí afẹ́fẹ́. Ipá òòfà jẹ́ mg, ẹ fi m pín in kẹ́ẹ rí acceleration, m ti lọ, g ló kù. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ mú ìwé ńlá kan àti bébà pẹlẹbẹ kan tó kéré sí ìwé náà. Ẹ jù wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bébà á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ kiri. Ẹ wá gbé bébà náà lé orí ìwé, kó má yọ létí rárá, kẹ́ẹ ju ìwé sílẹ̀. Wọ́n á dé ilẹ̀ pọ̀, torí ìwé ti lànà fún un nínú afẹ́fẹ́. David Scott, arìnrìnàjò òfúrufú tó wà nínú Apollo 15, ṣe irú ẹ̀ lórí òṣùpá lọ́dún 1971, òòlù lọ́wọ́ kan, ìyẹ́ ẹyẹ lọ́wọ́ kejì, ó jù wọ́n sílẹ̀ pa pọ̀, wọ́n dé ilẹ̀ pa pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: agbára, nígbà tẹ́ẹ bá fẹ́ gba àbùjá

Nínú físíìsì, iṣẹ́ ni ipá tẹ́ẹ bá fi ìjìnnà sọ di púpọ̀, ìjìnnà tó wà ní apá ibi tí ipá kọjú sí o. Ẹ lè gbé àpótí 30 kg dání fún wákàtí kan kẹ́ẹ máa làágùn yọ̀bọ̀, iṣẹ́ tẹ́ẹ ṣe lára àpótí yẹn jẹ́ òdo torí kò kúrò lójú kan. Iṣan ara yín ń jẹ agbára lóòótọ́, àmọ́ àpótí ò rí nǹkan kan gbà.

Joule la fi ń wọn iṣẹ́ àti agbára. Agbára ìrìn jẹ́ ½mv², agbára gíga jẹ́ mgh (h ni gíga). Ẹ wo v² yẹn dáadáa, òun ló ń pa èèyàn lójú títì. Mọ́tò 1000 kg tó ń lọ ní 10 m/s ní 50,000 J lára. Tó bá di 20 m/s, 200,000 J ni, ìlọ́po mẹ́rin. Bíréèkì gbọ́dọ̀ gba gbogbo ẹ̀ kúrò. Tí ipá bíréèkì bá jẹ́ 5000 N, ti 10 m/s á dúró láàárín 10 m, ti 20 m/s á gba 40 m. Eré lọ́po méjì, ìdúró lọ́po mẹ́rin, ìyẹn láì ka àkókò tí awakọ̀ fi ń ronú kẹ́sẹ̀ tó kan bíréèkì.

Agbára kì í parun, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni. Ẹni 50 kg yọ́ wálẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga tó 5 m. Lókè, mgh = 50 × 10 × 5 = 2500 J. Tí kò bá sí friction, gbogbo ẹ̀ á di ½mv², v á jẹ́ 10 m/s. Tẹ́ẹ bá wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 8 m/s, ½ × 50 × 64 = 1600 J, 900 J tó kù ti di ooru lára aṣọ àti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A ò dẹ̀ béèrè bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ṣe dagun tó tàbí bóyá ó ní kọ́nà. Àǹfààní agbára nìyẹn, ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tẹ́ẹ parí sí nìkan ló fẹ́ mọ̀.

Pawa ni bí iṣẹ́ ṣe yá tó. Ẹni 50 kg gun àtẹ̀gùn tó ga 3 m, iṣẹ́ jẹ́ 1500 J. Tó bá fi sẹ́kọ́ǹdù 5 sáré gùn ún, 1500 ÷ 5 = 300 W (W ni watt, ìyẹn joule kan ní sẹ́kọ́ǹdù kan), tó bá fi 15 rọra gùn ún, 100 W. Iṣẹ́ kan náà, pawa ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀nà wo ni kẹ́ẹ gbà?

Tí ìbéèrè bá dárúkọ àkókò tàbí acceleration, F = ma àti fọ́múlà mẹ́ta yẹn ni. Tó bá jẹ́ gíga, eré àti ìjìnnà nìkan ló wà ńbẹ̀, ẹ gba ti agbára. Ẹ padà sí bọ́ọ̀lù 20 m/s: ½mv² = mgh, m pa ara ẹ̀ rẹ́, ½v² = gh, 200 = 10h, 20 m, ìlà kan ṣoṣo. Tí nǹkan méjì bá gbá ara wọn, momentum ni, ìyẹn mv, àpapọ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó gbá ara wọn àti lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba tí ipá ìta ò bá sí. Ẹ má fi agbára ìrìn ṣe ti ìkọlù àyàfi tí wọ́n bá sọ pé elastic ni (ìyẹn ìkọlù tí agbára ìrìn ò dínkù), torí ooru àti ariwo máa ń kó lára ẹ̀ lọ.

Momentum yìí náà ló ṣàlàyé ìdí tẹ́ẹ fi ń fa ọwọ́ sẹ́yìn tẹ́ẹ bá ń mú bọ́ọ̀lù tó le. Bọ́ọ̀lù 0.15 kg ní 20 m/s ní momentum 3. Tọ́wọ́ bá le gan, tó dúró láàárín sẹ́kọ́ǹdù 0.01, ipá tó máa bá ọwọ́ ni momentum tẹ́ẹ fi àkókò pín, 3 ÷ 0.01 = 300 N. Tẹ́ẹ bá fa ọwọ́ sẹ́yìn tó gba 0.1, 30 N. Airbag inú mọ́tò ò ṣe ju ìyẹn lọ.

Ẹ ṣe eléyìí fúnra yín, ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀ ná: àpótí 5 kg ń yọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní 6 m/s, kò sẹ́ni tó ń tì í, friction jẹ́ 10 N. Báwo ló ṣe máa jìnnà tó kó tó dúró, àkókò wo ló dẹ̀ máa gbà?

Ìjìnnà, ẹ lo agbára: ½ × 5 × 36 = 90 J, 90 ÷ 10 = 9 m. Àkókò, ẹ lo ipá: ipá kan ṣoṣo ló wà lọ́nà ìrìn ẹ̀, 10 N sẹ́yìn, a = −2 m/s², 0 = 6 − 2t, t = sẹ́kọ́ǹdù 3. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá méjèèjì bára mu, eré ìpíndọ́gba jẹ́ 3 m/s, fún sẹ́kọ́ǹdù 3, 9 m. Tẹ́ẹ bá ya ọfà kan síwájú àpótí yẹn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.